Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ife Sílẹ̀ Nítorí Wa

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní etí ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàrígà nígbà náà, kí ojú tó rí omi rárá. Èéfín á ti máa rú láti abẹ́ àwọn àtíbàbà, á dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹrẹ̀ àti ti àwọ̀n tútù, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni títí dọ̀la. Ṣómólú ni mò ń gbé, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, nítorí orí ilẹ̀ iyanrìn tí àwọn apẹja ń sá àwọ̀n sí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á ká àwọ̀n kúrò, wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀ ní ìhà méjèèjì, pápá dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Àwa obìnrin máa ń wà lára àwọn òǹwòran, ẹni tó bá sì fẹ́ bínú sí i lè máa bínú lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan títí ayé, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà má mọ̀ pé wọ́n wà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eré bá ti parí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi, àwọn agbábọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ tọ àwa tá a wà létí pápá wá. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà nínú iyanrìn yẹn, òógùn á ṣì máa kán lára wọn. Ẹni tí wọn kò bá rí lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á béèrè rẹ̀. Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo bá gbogbo wọn níta pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn wá bá wa gbẹ́ sàréè. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ọmọ Ìlàjẹ ni balógun ikọ̀ náà, apẹja ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwa olólùfẹ́, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń ta ẹja ni olórí wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló ń dá orin, àwa á máa gbè é, bí ohùn wọn bá sì ti gòkè, kódà ẹni tó ń kọjá lọ á yà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún kan báyìí, kí òmìnira tó dé, ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi dé àṣekágbá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní Èkó gan-an ni wọ́n ti máa gbá a, ní òdìkejì ọ̀sà, níwájú àwọn èèyàn ńlá. Èmi ni mo rán ẹ̀wù tuntun tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Aṣọ pupa yòò ni, mo fi funfun gbá ọrùn àti etí apá rẹ̀, mo sì lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ láàárọ̀. Àwa olólùfẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ní ìgbòkun, nítorí orí omi yá ju ọ̀nà ilẹ̀ lọ. Màmá jókòó níwájú, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orin ò dáwọ́ dúró lẹ́nu wa.

A ti rìn jìnnà kí afẹ́fẹ́ tó yí padà. Ojú ọ̀run ṣú, omi tó tẹ́jú bí ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í ru, òjò sì dé. Ìgbòkun ya. Ìjì gbé wa kúrò lójú ọ̀nà, ó fi ọkọ̀ wa lu àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi, mo sì gbọ́ bí pákó ṣe là lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi wọlé. A fi igbá gbọ́n ọn, a fi ọwọ́ gbọ́n ọn, ó ń wọlé síbẹ̀.

“Ẹ di igi mú!” ni atukọ̀ ń pariwo. “Ẹ má fi í sílẹ̀!”

Ibẹ̀ kò jìn púpọ̀, ó mu ẹni tó ga dé àyà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀, ìgbì sì ń gorí wa. Màmá kò ga. Èmi àti atukọ̀ fi wọ́n sí àárín, a gbé wọn sókè. Omi kò ba Màmá lẹ́rù, etí omi ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nínú ọwọ́ mi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní pápá lákòókò náà, aṣọ́lé ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù, ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òjò ti dá lọ́dọ̀ tiwọn, rẹfirí ti mú fèrè dání, balógun ikọ̀ wá wo ibi tó yẹ ká dúró sí, ó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni apẹja kan sáré wọlé láti etí omi, ó ní òun rí ọkọ̀ èrò kan tó ń rì lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ kékeré tòun kò sì lè kó wọn. Balógun bẹ rẹfirí pé kó ní sùúrù. Rẹfirí ní kò sí lọ́wọ́ òun. Bí òun bá fun fèrè tí wọn kò bá sí lórí pápá, ife ti di ti ẹgbẹ́ kejì nìyẹn.

“Ẹ jẹ́ ká rán èèyàn lọ,” ni alága ẹgbẹ́ wa sọ. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ti ń retí ọjọ́ yẹn tipẹ́. “Ẹ̀yin ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín.”

“Ta lẹ fẹ́ rán, sà?” ni balógun dá a lóhùn. “Àwa la mọ omi yẹn. Ta la sì fẹ́ gba ife náà fún bí wọn ò bá sí?”

Ó rìn jáde kúrò lórí pápá. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, títí kan àwọn ọmọ Ṣómólú tí wọn kò mọ omi í wẹ̀. Aṣọ́lé ní alága dúró díẹ̀, ó wo ife tó ń dán lórí tábìlì, lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì sáré tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja etí omi, wọ́n sì ń wà á bọ̀.

Pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Nínú òjò yẹn, lórí omi tó rí bí eérú, mo rí pupa, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Balógun bẹ́ sómi, ó gbé Màmá lé aṣọ́lé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Màmá ń gbọ̀n, eyín wọn ń lu ara wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe la ojú ni wọ́n béèrè pé, “Góòlù mélòó la jẹ?”

“A ò tíì gbá a, Màmá.”

“Ẹ ò gbá a? Kí lẹ wá ń ṣe níbí?”

“A wá mú yín lọ wòran ni,” ni balógun wí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rẹ́rìn-ín tí a tún ń sunkún. Wọ́n kó gbogbo wa, kò ku ẹnì kan. Nígbà tí a fi máa gúnlẹ̀, wọ́n ti gbé ife fún ẹgbẹ́ kejì, àwọn òǹwòran sì ti ń túká.

Àwọn kan ní Ṣómólú kùn gan-an. Wọ́n ní ẹlòmíràn ì bá ti yọ wá, pé irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àǹfààní, òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ẹgbẹ́ wa kò dé àṣekágbá mọ́ títí tí kálukú fi bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ọwọ́ Màmá mú nínú omi yẹn. Mo mọ̀ pé wọn ò lè dúró de ẹlòmíràn mọ́.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kan, aṣọ ìyàwó ṣì wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí obìnrin tí a jọ ń ránṣọ dédé ṣubú lulẹ̀, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé e lọ sí ọsibítù, mo sì jókòó tì í títí ó fi la ojú. Ìyá ìyàwó bú mi níṣojú gbogbo àdúgbò, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, nítorí ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀. Nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn yẹn, mi ò dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n ti fi ife sílẹ̀ wá yọ nínú omi rí, kò tún sí ohun tó fẹ́ máa rò níbẹ̀.