Ọgbà Omi àti Irọ́ Ibà

Oore tí ènìyàn kò bi mí léèrè kó tó ṣe é fún mi máa ń bí mi nínú. Ọkọ mi ní ìwà àìmoore ni, pé àwọn mìíràn ń fi àdúrà wá olóore, èmi ń fajú ro sí tèmi. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá a dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò Kérésì wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ọdún ti ń lọ sópin. Òun ni àkọ́bí ilé wọn. Ó ń ta kọ́tìnì ní Allen Avenue, láti ìgbà tí ìyá wọn sì ti kú ní Ìjẹ̀bú ni òun ti di ìyá fún gbogbo wọn. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà, níbi tí èmi àti àwọn obìnrin mìíràn ti ń ṣa èyí tó fọ́ kúrò nínú èyí tó gún régé kí ẹ̀rọ tó dì wọ́n. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan, ni mo bá jáde síta.

"Ìyàwó," ló wí, "Kérésì ọdún yìí, mò ń kó gbogbo ọmọ ilé wa lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan lẹ́yìn odi Èkó. Ọjọ́ mẹ́ta la máa lò níbẹ̀. Omi lókè, omi nílẹ̀, omi ni gbogbo eré tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó sílé kẹ́ ẹ sinmi. Mi ò fẹ́ rí òbí kankan lẹ́yìn mi."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ọlọ́run á máa bá yín gbọ́ bùkátà."

Ohun tí ìyàwó ilé ń sọ nìyẹn. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun jáde. Nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, bisikíìtì tó fọ́ ń kọjá níwájú mi, n kò rí i, títí ọ̀gá wa fi pariwo mọ́ mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Àkọ́bí wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ èmi àti ti bàbá rẹ̀ ló pàdé lára rẹ̀ lọ́nà tí kò dára. Bí òtútù bá mú un, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó títí yóò fi máa bẹ̀ wá pé ká gé ẹsẹ̀ náà kúrò. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa, ó sì tún un sọ, pé kí ara rẹ̀ máa móoru, kó máa mu omi dáadáa, kó má sì bọ́ sínú omi tútù. Ìgbà Kérésì gan-an sì ni ọyẹ́ máa ń mú.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ẹbí ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ ló ní ká má sọ. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀," ló máa ń wí, "orúkọ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Aláìsàn ni wọn á máa pè é. Ìyá ọkọ wo ló máa gbà á lọ́wọ́ wa?" Èmi náà gbà, nítorí pé nílé tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, a kì í kó ọ̀rọ̀ ara ọmọ síta. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ìrora bá gbé ọmọ náà dè tí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ibà la máa ń sọ fún ẹbí. Ibà ló mú un. Ibà yẹn tún ti padà dé. Ta ni ibà kì í ṣe l'Ékòó? Ẹnikẹ́ni kò bi wá ní ìbéèrè kejì rí.

Nígbà tí mo fi máa délé wa ní Agége nírọ̀lẹ́, ọmọ náà ti gbọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fi fídíò ọgbà náà ránṣẹ́ sórí fóònù, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ń wò ó lórí àga.

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó! Èèyàn á gun òkè lọ, á jókòó sínú omi, omi á sì gbé e wálẹ̀ gbìrì!"

Mo ní mo rí i. Mo wọ yàrá lọ láti bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó tẹ̀lé mi, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì wo ojú mi.

"Ẹ̀yin àti Dádì ti ń wá irọ́ tẹ́ ẹ máa pa, àbí?"

Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn. Ó ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Nígbà táwọn ọmọ kíláàsì wa lọ sétí òkun, ẹ ní ibà ń ṣe mí. Ọjọ́ eré ìje, ibà. Mọ́mì, mo fẹ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò ní wọnú omi. Mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀ ni."

Mo ní kó lọ gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, òórùn ike sì máa ń bá a wọlé. Mo jẹ́ kó jẹun tán kí n tó sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ ronú sí i.

"Ó rọrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ, a ó ní ibà ti gbé e dálẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á máa lọ."

"Ẹ fẹ́ pa irọ́ àìsàn mọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn?"

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Ká sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Àwọn nìkan. Kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, ó ti dé Ìjẹ̀bú kílẹ̀ tó ṣú."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé orúkọ ọmọ ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ọmọ. Ó ní kí n má fi ariwo pe aládùúgbò. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ gbígbẹ la ń bá ara wa sọ: oúnjẹ rèé, ẹ kú iṣẹ́, ó dàárọ̀. Àwọn ọmọ mọ̀. Ilé wa wá le bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò tó.

Mo lọ bá màmá mi ní Dopemu. Àwọn nìkan ló mọ̀ nípa àìsàn ọmọ náà yàtọ̀ sí wa. Wọ́n ti kírun tán, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Mo rò pé wọn yóò gbè mí lẹ́yìn.

"Ọkọ ẹ ló ni ilé," ni wọ́n wí. "Ohun tó bá ní kó o má sọ, o ò lè lọ máa sọ ọ́ láàárín àwọn èèyàn ẹ̀." Wọ́n fa tẹ̀sùbáà díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n bírọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó bá a níbi tọ́mọ yẹn ti dá wà."

Bí mo ṣe dé ni mo ṣe padà. Ọ̀rọ̀ wọn kàn tún dá kún ẹ̀rù mi ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá pe gbogbo ẹbí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ká lè jọ ṣètò ìrìn-àjò náà. Kí a tó kúrò nílé, ọkọ mi dúró tì mí níbi tí mo ti ń wé gèlè.

"Ìyá ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Má ṣí ẹnu níbẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún mi."

Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Àwọn ọmọ jókòó sórí ìdì kọ́tìnì, àwa òbí dúró ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń rìn láàárín wọn bíi tíṣà. Ó ń sọ ẹni tí yóò jókòó ti ẹnì kejì nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tí yóò sùn ní yàrá wo, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin kó tó wọ ọkọ̀ kó má bàa bì sára àwọn yòókù. Ó mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tó ṣì ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ̀rọ̀ sí i létí, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà má bàa gbọ́. Mo wo ọkọ mi nígbà tí mo rí ìyẹn. Kò wo ojú mi.

Ó wá kan ọmọ wa.

"Èyí tíbà fẹ́ràn bí ọmọ ẹ̀," ló wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, "ọ̀dọ̀ mi ló máa sùn. Má mikàn, ìyàwó. Mo ti ní kí wọ́n se àgbo sílẹ̀. Tí ara ẹ̀ bá ti gbóná pẹ́nrẹ́n, inú omi tútù ni mo máa kì í bọ̀. Omi tútù ló ń pa ibà. Bí mo ṣe ṣe fún gbogbo àwọn tèmi nìyẹn."

Obìnrin yìí fẹ́ràn ọmọ mi. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni yóò fi pa á, àwa la sì kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Mo kúnlẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìyá ọmọ mi," ni ọkọ mi pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìpè yẹn.

Ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó ni mí láàárín wọn, ọkọ mi ti ní kí n má sọ̀rọ̀, bí mo bá sì sọ ọ́, n kò mọ ẹni tí yóò wí pé èmi ni mo gbé àrùn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ilé wọn. Gbogbo wọn ń dúró de ohun tí mo fẹ́ tọrọ.

Ọmọ náà ló dìde.

"Bíìgì Mọ́mì, ẹ má kì mí bọ omi. Kì í ṣe ibà. SS ni mí."

Ọmọ kékeré kan béèrè ohun tó ń jẹ́ SS, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wo ọmọ náà, ó wo èmi tí mo kúnlẹ̀, ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

Ọkọ mi ń fa òwú kan létí kọ́tìnì. "Ó ti pẹ́, Àǹtí. Láti kékeré."

Obìnrin náà wá ibì kan jókòó.

"Nígbà ọlidé tó kọjá," ló wí, "tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo pè ẹ́, o ní ibà ni. Mo gbé ọmọ yìí sábẹ́ ṣáwà, mo dì í lápá mú, mo ṣí omi tútù lé e lórí. Ó ń ké, mo ní kó fara dà á. Ìwọ àtìyàwó ẹ tún pè mí láti dúpẹ́."

N kò mọ̀. Mo mọ̀ pé láti ilé rẹ̀ la ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, pé ìrora ọ̀tẹ̀ yẹn burú ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹnikẹ́ni kò sọ ti omi fún mi. Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Kí ló dé tó ò sọ fún Bíìgì Mọ́mì nígbà yẹn?"

"Ẹ ní kí n máa sọ pé ibà ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sì jẹ́ ẹ bó ṣe yẹ. Mo bú sẹ́kún lórí ìkúnlẹ̀, n kò bìkítà fún ẹni tó ń wò mí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ní ariwo. Ọkọ mi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dúró sílé, pé ó tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́, pé irọ́ tó ti pa fún òun ti tó. Ó nu ojú, ó fà mí dìde.

"Ìyàwó, ìwọ lo máa bá wa lọ. Mo mọ̀ pé mo ní mi ò fẹ́ òbí, mo ti yí i padà. Ìwọ lo mọ ara ọmọ ẹ."

Ara tù mí. Lójú inú mi, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì náà, mo jókòó tì í pẹ̀lú fílásíkì omi gbígbóná lórí ẹsẹ̀ mi, n kò jẹ́ kó kúrò lójú mi.

"Rárá," ọmọ mi wí. "Mọ́mì ò ní láti wá. Bíìgì Mọ́mì ti mọ̀ báyìí."

Ó jókòó padà sáàárín àwọn ọmọ yòókù. Ó dùn mí gan-an, n kò ní purọ́. Mo ti tọ́jú ọmọ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì sọ ọ́ níwájú ẹbí bàbá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ mi níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo ojú mi. Ó ń dúró de ohun tí mo máa sọ.

Mo ní ó dáa, kí ọmọ mi máa lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, níwájú gbogbo wọn, bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ mi.