Ẹ̀gbà Ọwọ́ Inú Ìgò

"Ó tún ti funfun!"

Bàbá àgbà fi ọwọ́ lu itan wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà méjì wà nínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan, wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, omi inú rẹ̀ sì rí bí omi ògì. Òórùn egbò ẹsẹ̀ Màmá àgbà ń ti inú yàrá bọ̀, ó dàpọ̀ mọ́ ti epo pupa tí wọ́n ń sè lẹ́yìnkùlé.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni Bàbá, ní Ìkọ̀yà. Òyìnbó onígẹdú kan ní Sápẹ́lẹ̀ ló sọ fún wọn nígbà èwe pé omi tí fàdákà bá yọ́ sí, tó sì mọ́ gaara, ń wo egbò sàn. Ẹ̀gbà ìgbéyàwó Màmá, tí Bàbá fọwọ́ ara wọn rọ, ló wá ń yọ́ lọ yìí. Nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n tètè gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí omi mi dáa ná."

Wọ́n lo omi kànga, ó funfun. Wọ́n pọn omi odò, ó funfun. Wọ́n gbé abọ́ síta gba omi òjò tí kò kan òrùlé, wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀gbà títí ó fi ń dán, pàbó ló já sí. Wọ́n wá ń bá bátìrì jà bí ẹni ń bá ọmọọṣẹ́ ọ̀lẹ wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan la ká Màmá mọ́ ìdí ìgò, iyọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sí omi àdúrà tí wọn kì í fi iyọ̀ sí. Wọ́n bu ún sínú ìgò, wọ́n ní, "Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Olúwa, jẹ́ kí omi yìí dùn mọ́ mi lára."

Omi náà funfun lójú wa. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyé! Ìwọ lo ń bà á jẹ́!"

Màmá náà bú sẹ́rìn-ín. N kò tún gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́.

Nígbà tí Bàbá tún un ṣe, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n ń fi í wẹ egbò láràárọ̀, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Egbò ò gbọ́. Ẹsẹ̀ dúdú dé orúnkún, ibà sì dé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Màmá dé Òkìtìpupa, dókítà kàn mi orí ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá Bàbá nídìí ìgò. "Ọma mi," wọ́n ní, "kí ló ṣe omi yẹn? Ibo ni mo ti ṣì í?" Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí títí wọ́n fi kú, tí wọ́n ń pààrọ̀ wáyà, tí wọ́n ń pààrọ̀ omi.

Ọ̀kan nínú ẹ̀gbà náà wà lọ́wọ́ mi. Ó ti tín-ín-rín, mo máa ń rọra wọ̀ ọ́ kó má baà kán. Inú ṣì ń bí mi sí Bàbá, mo sì fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Kò sí ohun tó ṣe omi yín, Bàbá. Ọ̀nà Òkìtìpupa lẹ pẹ́ kí ẹ tó gbà.