Aṣọ Òkú Ni Aboyún Fẹ́ Fi Rán Ìbora Ọmọ

Èmi tí mo ru ẹrù ní rélùwéè Ọ̀fà, tí mo wọ ṣòkòtò alábùlẹ̀ kí n tó di ọ̀gá aláṣọ, ọ̀rọ̀ aṣọ rú mi lójú lónìí!

Aboyún kan ní kí n gé aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún òun.

Èyí tí a fi ń sin òkú! Mo ní, “Ta ló kú?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó kú, Alhaji. Màá to àǹkárá wẹ́wẹ́ pọ̀, màá fi èyí ṣe inú rẹ̀, kí ọmọ mi rí nǹkan bora.”

Àbùlẹ̀, lórí aṣọ òkú!

Mo fún un ní èyí tó nípọn. Ó ní ó le jù fún ọmọ jòjòló. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò gé aṣọ òkú náà.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ̀rù lásán ni?

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé ìgàn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun wá fún un, èyí tí a kò tíì gé fún òkú kankan.