Ẹsẹ̀ Tó Ba Ìyá Dúpẹ́

Mò ń fi róòbù ra ikùn mi lánàá ni òórùn ẹ̀ gbé mi padà sí gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Uwasota, níbi tí wọ́n ti kọ́ mi ní kàrátè ní kékeré, tí òórùn róòbù kì í tán níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo na gbogbo ẹgbẹ́ mi tán, tíṣà ní kí èmi àti Ìyá Dúpẹ́ kojú ara wa. Aládùúgbò wa tó ń ta bàtà ní Sapele Road ni, ó sì ti ń ja kàrátè kí wọ́n tó bí mi. Tíṣà ní ká tẹrí ba fún ara wa. Èmi kúnlẹ̀ pátápátá, torí ẹgbẹ́ ìyá mi ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde, ọmọ mi, gbá mi nípàá."

Mo gbá títí, afẹ́fẹ́ ni mò ń gbá.

"Mummy, how you dey take know?"

"Èjìká ẹ ló ń kọ́kọ́ mì."

Omijé ti gba ojú mi kí ẹsẹ̀ mi tó bà á níkùn, gbì! Ó di ikùn mú, ó ní mo pa òun. Ariwo ni mo fi wọlé pé mo na Ìyá Dúpẹ́.

Lánàá, ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ń sunkún níwájú mi, ó gbẹ́sẹ̀. Mo rí èjìká ẹ̀ tó mì, mo sì fi ikùn dúró dè é.

Ìyá Dúpẹ́, ẹ ṣé, mà.