Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí
Òórùn wàrà kíkan máa ń rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Kofar Rini, lókè Ọya. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń tọ́ mi, mú èmi àti ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń mu wàrà. Ẹ̀kọ lásán ni tèmi.

Tíṣà ní kí a na ọwọ́ ré orí kọjá, kí a fi kan etí kejì. Tèmi nìkan ni kò kàn án.

“Sai baɗi! Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Ìran ìyá rẹ̀ kì í ga, tíṣà,” ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. “Aràrá ni wọ́n.”

Mo gbà á gbọ́ títí àwọn ọmọ tèmi fi mu wàrà, tí wọ́n sì ga jù mí lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò mú mi padà síléèwé mọ́. Ìkòkò omi ló gbé lé orí tí ọwọ́ mi kò lè ré kọjá.