Òkun tí Èmi àti Àna Mi Rí

Ìró kan wà tí etí mi kì í gbàgbé: ìró ṣéènì tí ń fa ọkọ̀ gun òkè irin, ká-ká-ká-ká, bí ẹni ń fi òòlù kékeré ka egungun ẹ̀yìn erin. Jórinjórin ni mí ní Ṣakí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àgọ́-Àrẹ, kò sì sí irin tí yóò ké létí mi tí n kò ní mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n ní kí n kà, n kò jókòó parí ìkẹfà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ògùn pé ta ló ń jó géètì tí olè ń wò tí ń sunkún, ẹ ó rí ibi tí wọn yóò nawọ́ sí.

Irin náà ló mú mi dé ìdí eré tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n pe ọ̀gá mi sí Èkó pé kó wá fi irin yí ọgbà ìgbafẹ́ kan ká. Lọ́jọ́ tí a parí, wọ́n ní ká gun ohunkóhun tó bá wù wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá mi gba mínírà, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Èmi lọ gun àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan tí wọ́n so mọ́ra wọn, tí ń rọra gun òkè irin, tí ń já bọ́ láti ibẹ̀ bí ẹni jábọ́ lórí ìrókò, tí ń sáré kọ́rọ́ kọ̀rọ̀ kó tó dúró. Rólà kósítà làwọn alákọ̀wé ń pè é. Reluwéè eré lèmi ń pè é, orúkọ tèmi ló sì yé èèyàn jù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di àgbà nínú ọ̀ràn yìí. Mo ti wọ ọgbà ìgbafẹ́ ní Èkó, ní Ìbàdàn, títí dé Àbújá, mo sì lè sọ fún yín láìwo ìwé pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, ìtànjẹ ni. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń gbé èèyàn yípo lókè, ti àwọn tó ń fẹ́ra wọn ni. Ó ń falẹ̀ bí ẹni ru omi kíkún. Ẹṣin onígi tí ń yípo, ẹṣin tí kì í jẹ koríko, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Mọ́tò iná tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn, ìjà ọmọdé ni, mo sì ti rí àgbàlagbà méjì tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọkọ̀ ojú omi tí ń fì lọ tí ń fì bọ̀ dára díẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn má jẹ iyán kó tó gùn ún. Reluwéè eré lọba. Iwájú pátápátá ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní ẹ̀yìn ló dùn jù. Àṣẹ́kù afẹ́fẹ́ lẹni ẹ̀yìn ń gbà.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, mo ti gba òmìnira iṣẹ́, mo sì ń fẹ́ ọmọ kan ní Àgọ́-Àrẹ. Aránṣọ ni. Òun gbà, ìyá rẹ̀ gbà, bàbá rẹ̀ ni kò tíì gbà. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá náà, ọkùnrin tó lè kọ ebè láti àárọ̀ dọ̀sán kó má sọ ju gbólóhùn kan lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé jórinjórin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ máa ń wọkọ̀ lọ Èkó lọ gun irin kí àyà rẹ̀ lè já. Lọ́jọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní kí n dìde.

Ó ní, "Wọ́n ní ò ń fowó ra ìbẹ̀rù."

Mo ní, "Eré ni, Bàbá."

"Ìbẹ̀rù tí Ọlọ́run ń fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́, òun lò ń wọkọ̀ lọ rà l'Ékòó. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀gún kalẹ̀ ní tìrẹ, wàá rà?"

Àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, erùpẹ̀ ń wọ̀ mí nímú. Ó wá ní òun yóò fojú ara òun rí nǹkan náà, kí òun tó mọ irú ẹni tí òun fẹ́ fọ́mọ fún. Bí ọmọ náà yóò bá di aya mi, àfi kí bàbá rẹ̀ gun irin kó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Èmi tí mo máa ń sọ fáyé pé ẹ̀rù kì í bà mí, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà.

Àǹfààní rẹ̀ kò pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin ń lọ sí Mẹ́kà, gbogbo wa sì kún inú bọ́ọ̀sì kan lọ sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó. Nígbà tí Àlájà wọlé tán, tí àwọn obìnrin ń nu ojú, bàbá fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Ó ní, "Irin yẹn dà?"

Bí a ṣe dé ọgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe mi. Ibi tó dára jù là á fi fún àgbà, ìyẹn la mọ̀ nílé wa. Orí ẹran kì í ṣe ti ọmọdé. Mo bá mú bàbá lọ sí iwájú pátápátá, ibi tí èmi fúnra mi fẹ́ràn, n kò ronú pé ibẹ̀ ni ọ̀gbun ti ń kọ́kọ́ yanu. Mo fẹ́ lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, nítorí èèyàn kì í bá àna rẹ̀ jókòó léjìká sí èjìká, ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí ọkọ̀ náà jágbe mọ́ mi: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró yẹn, ẹ jókòó ti bàbá yín! Ẹni méjì méjì!" Ó fa irin kan ṣoṣo sílẹ̀, ó fi há àwa méjèèjì mọ́ra. Itan mi kan itan àna mi. N kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Wọ́n ní kí bàbá ṣí fìlà, ó ṣí i, ó jókòó lé e.

Ìró náà bẹ̀rẹ̀, ká-ká-ká-ká. A ń lọ sókè, afẹ́fẹ́ ń tutù. Nígbà tí a dé góńgó tí ìró náà dá, mo gbọ́ tí bàbá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Lá iláha illa-llahu," bí ẹni tó wà lórí ẹní ikú, ọwọ́ rẹ̀ tó le bí èèpo igi sì di ọrùn ọwọ́ mi mú. A já bọ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá na fìlà rẹ̀ tó ti run, ó dé e, ó ṣí i, ó tún un dé. Ó wá wò mí lójú.

"Kí lo rí lókè yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo ní láti sọ ohun kan fún yín níbí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gun reluwéè eré, mo máa ń dijú ni. Bí ìró ṣéènì bá ti dá, ojú mi á pa dé fúnra rẹ̀, kò ní là títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Etí ni mo fi ń gùn ún. Mo lè sọ ibi tí bóòtù ti dẹ̀, mo lè sọ ibi tí wọ́n jó irin sí tí kò mú dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè, n kò rí i rí. Mo ka ìbéèrè bàbá sí ìdánwò. Mo rò ó pé bí mo bá ní n kò rí nǹkan kan, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá, òkun ni. Mo rí òkun. Ó tẹ́ lọ bíi pápá Òkè-Ògùn nígbà òjò, àfi pé omi ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta wà lórí ẹ̀, ẹyẹ funfun kan sì ń fò nísàlẹ̀ wa."

Bàbá ní, "Hẹn-ẹ́n." A kọjá Abẹ́òkúta, kò sọ̀rọ̀. A dé Ìsẹ́yìn, a kírun, a jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ, ó wọlé.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi gbọ́ nǹkan kan. Mo ń jó irin, mo ń jó ìka ara mi mọ́ ọn. Nígbà tí mo rí ọmọ náà lọ́jà, ó fi mí ṣẹ̀sín: "Ẹ̀yin náà, ẹ ò ríbi mú bàbá mi lọ l'Ékòó, àfi orí irin tí ń sáré! Láti ìgbà tó ti dé, ó kàn ń wo ojú sánmà ni." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo gbé ọ̀kadà mi, mo lọ kírun ní Àgọ́-Àrẹ. Nígbà tí a jáde, àwọn àgbà ti pé jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, bàbá ló sì ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Mo súnmọ́ wọn.

"Ó tẹ́ lọ bíi pápá wa yìí nígbà òjò," ni bàbá ń wí, "àfi pé omi ni gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ funfun kan sì ń fò nísàlẹ̀ wa."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, bàbá alápatà, pòṣé. "Nísàlẹ̀ yín! Ìwọ tí àtẹ̀gùn mọ́sálásí ń mú àyà rẹ já. Lọ pa irọ́ yẹn fún iṣu lóko."

"Ẹ ò gbà mí gbọ́?" Bàbá gbójú sókè, ó rí mi. "Òun nìyẹn. Àna mi nìyẹn. Ẹ bi í."

Àna mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo irùngbọ̀n funfun yíjú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ti orí ìdọ̀bálẹ̀ sọ ọ́ pé lóòótọ́ ni, òkun ni, ọkọ̀ mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀.

Bàbá ní, "Mẹ́rin."

Mo ní, "Bàbá?"

"Mẹ́rin ni wọ́n. Ìkan wà lẹ́yìn tó ń rú èéfín. Ìwọ ò wo ẹ̀yìn dáadáa."

Orí mi dàrú. Mo ti ń rò ó pé bàbá náà dijú, pé irọ́ mi ló yá lò. Ta wá ni ó ní ọkọ̀ kẹrin? Àbí ó lajú, ó rí òkun ní tòótọ́, irọ́ mi sì ṣèèṣì bọ́ sí i? Bí mo bá bi í, mo ti tú ara mi fó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mẹ́rin ni." Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti so yìgì fún wa.

Lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún, mo lọ ra irin l'Ékòó, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi lọ sí ọgbà náà. Mo jókòó níwájú. Nígbà tí ìró náà dá, mo fi ìka méjì la ìpéǹpéjú mi. Òrùlé páànù ni mo rí. Páànù tó ti dípẹtà títí lọ, àgbá omi dúdú, àti obìnrin kan tó ń sá aṣọ, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wá. Mo tún un gùn, mo wo ọ̀tún. Mo tún un gùn, mo wo ẹ̀yìn. Mo bi ẹni tó ń darí rẹ̀ pé ṣé ibí ni irin yìí wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, irin ń rìn ni?"

Mo ní òkun ńkọ́. Ó ní, "Òkun kẹ̀? Ẹ wọ mọ́tò méjì síwájú sí i."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní tèmi, òtítọ́ bá a, ó kí i, ó sì kọjá lọ. Nítorí kí ni mo mọ̀ báyìí? Bí bàbá bá dijú, ó gbà mí gbọ́, a jẹ́ pé mo fi irọ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí ó bá lajú, a jẹ́ pé òrùlé páànù lòun náà rí, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, ó sì jókòó sábẹ́ igi, ó sọ irọ́ náà di tiwa, ó fi ọkọ̀ kan kún un, ó sì fún mi lọ́mọ. Èwo nínú méjèèjì ni kí n máa dúpẹ́ rẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ọdún Iléyá, mo jókòó tì í, mo ń wá ojú rẹ̀. Á máa wò mí padà, á máa jẹ ẹran.

Bàbá kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó mi ń ká àwọn aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀.

Ó ní, "Ó kéré tán, bàbá mi rí òkun kó tó kú."

Mo gba aṣọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Ó ní, "Ẹ mú èmi náà lọ síbẹ̀. Ibi tó jókòó sí gan-an ni mo fẹ́."

Mo ní, "Ó dáa." Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bá mi jí, tí ń bá mi sùn. Bí mo bá mú un lọ sórí irin náà, yóò lajú, nítorí kò jọ mí. Bí mo bá mú un wọ mọ́tò méjì síwájú, dé etí omi gan-an, n ó ní láti dúró tì í, n ó sì máa ṣe bí ẹni tó mọ òkun tẹ́lẹ̀. Mo ti gun irin ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n òkun yẹn, n kò tíì fojú kàn án rí.