Ẹtu Tútù fún Ẹnu tí Kò Léyín

Nígbà tí eyín tó kù lẹ́nu bàbá ọkọ mi ká tán, ẹran gbígbẹ di ọ̀tá wọn. Bẹ́ẹ̀, ọdẹ ni wọ́n ṣe ní gbogbo ayé wọn, ẹran tí wọ́n sì ti yan gbẹ nínú igbó kò lóǹkà. Èmi ni mo wá ń gún un nínú odó kí wọ́n tó lè gbé e mì. Bí mo bá ti gbé abọ́ síwájú wọn, wọ́n á wò ó, wọ́n á wò mí.

"Ìyàwó, ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

"Bàbá, ọmọ ọwọ́ wo ló ń ṣe irú àríwísí yìí?" Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹtu tútù ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí a kò yan, tí a ó sè títí tí yóò fi rọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún jẹ ẹ́ kí àwọn tó kú. Ọkọ mi, akọ̀wé ní yunifásítì, tí kò pa ju òkété lọ rí, ló bá fọwọ́ sọ̀yà.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Yìnyín la máa gbé lọ sóko ọdẹ."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ẹran tí a bá pa láàárọ̀ kì í bá wa dalẹ́. Ó yá kúlà ọ̀gá rẹ̀, ó ra yìnyín ní Sábó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì kó sínú mọ́tò ìjàpá lọ́jọ́ Sátidé.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, òórùn ló kọ́kọ́ kí wa. Ẹtu wà nínú àpò lẹ́yìn mọ́tò, inú rẹ̀ ti wú, eṣinṣin ti bá a wọ̀lú. Bàbá ní kí wọ́n ṣí kúlà. Yìnyín ṣì wà níbẹ̀ o. Ìgò bíà ló sùn lé e lórí.

Bàbá wò ó títí. "Ta ló yìnbọn pa ọtí yìí?"

Ọkọ mi ní ẹtu kò gba inú kúlà, ni àwọn bá ní kí àwọn kọ́kọ́ mu ọtí tán kí àyè lè wà. Wọn ò mu ún dé ìdajì tí oorun fi gbé wọn lọ, oòrùn sì bá ẹran níta. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyà wo ni àwọn tiwa jẹ? Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ sí wọn létí.

Bàbá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. "Ẹ mú ìgò kan wá. Èyí ò kúkú béèrè eyín." Wọ́n mu ún, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rín tiẹ̀ níbi tó ti ń gbẹ́lẹ̀ tó fẹ́ bo ẹtu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gún ẹran gbígbẹ, mo gbé abọ́ síwájú Bàbá, mo dúró. Èsì mi ti wà lẹ́nu. Wọ́n kàn ki ọwọ́ bọ abọ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè ọmọ ọwọ́ yẹn mọ́ títí wọ́n fi kú.